Ìrù bàlúù mi wúwo ju imú rẹ̀ lọ: ṣé kí n so òjé mọ́ ọn níwájú?

Ọmọ Afẹ́fẹ́:
Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé ní oṣù 7 tí mo ti ń kan bàlúù rìmóòtù ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń gé igi rẹ̀ sínú páálí tí èèyàn á wá tò ó pọ̀ fúnra rẹ̀. Láti ṣóńṣó apá kan dé ìkejì jẹ́ mítà 2.2. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù 50cc ló wà nímú rẹ̀. Mo ti fi ìbòrí bò ó, ó ń dán gbinrin, mo ti ń gbéra ga láàárín ilé.

Àfi lálẹ́ àná tí èmi àti àbúrò mi fi ìka gbé e lábẹ́ apá, ọ̀tún òun òsì, níbi tí àwòrán ní kó ti dọ́gba, ìyẹn 110 mm sẹ́yìn etí iwájú apá. Ìrù já wálẹ̀ gbì! A ń sún ìka sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ó di 138 mm kó tó dúró. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ kílò 7.5. Mo ní òjé nílé. Ṣé kí n kàn so ó mọ́ imú?

Fò-Ó-Lọ:
28 mm péré lò ń tìtorí ẹ̀ pe àgbà jọ? Gbé e fò jàre. Tó bá ń nà imú sókè, tẹ elevator, pákó ìrù tó ń darí imú sókè-sílẹ̀, sílẹ̀ díẹ̀ lórí rìmóòtù, ó parí.

Jẹ́jẹ́ Layé:
Ọmọ Afẹ́fẹ́, má dá a lóhùn. Èmi náà gbọ́ irú ìmọ̀ràn yìí rí. Bàlúù mi gbéra nílẹ̀ dáadáa, ó nà imú sókè, mo tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó doríkodò, mo fà á sókè, ó tún nà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí mo ṣe ń fọwọ́ kan rìmóòtù báyìí ló ń ṣe ìlọ́po ohun tí mo ní kó ṣe. Ìgbà kẹta tó nà, afẹ́fẹ́ ò gbé apá rẹ̀ mọ́, ó sì forí sọlẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ò tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni mo kó délé.

Bàbá Bálísà:
Ọmọ mi, fi òjé sílẹ̀ ná. Ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé táǹkì epo ṣófo nígbà tẹ́ ẹ gbé e? Níbo lo kó bátìrì sí? Kí ló wà nínú ìrù náà gan-an?

Ọmọ Afẹ́fẹ́:
Ẹ ṣé, Bàbá. Táǹkì ṣófo. Bátìrì méjì ló wà, ti ẹ́ńjìnnì àti ti receiver (ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù), 150 g ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó wọn sẹ́yìn ojú ìdọ́gba ní nǹkan bí 100 mm torí pé àyè pọ̀ níbẹ̀. Servo, ìyẹn mọ́tò kékeré tó ń yí rudder (pákó ìrù tó ń darí imú sọ́tùn-ún àti sósì), wà nínú ìrù, 70 g. Àti pé… mo da epoxy, gúlù líle yẹn, sínú ìrù dáadáa o, torí mi ò fẹ́ kó tú.

Bàbá Bálísà:
Mo fura. Gbogbo wa la ti rò ó rí pé bí epoxy bá ṣe pọ̀ tó ni igi ṣe máa le tó. Ibi tí igi méjì bá ti fẹnu kora dáadáa, ìwọ̀nba tó tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń dì í mú, èyí tó ṣẹ́ kù ẹrù lásán ni. Ó dáa pé táǹkì ṣófo, torí pé iwájú ló wà. Bí epo bá ṣe ń tán lókè, bẹ́ẹ̀ ni ìrù á máa wúwo sí i.

Wá ká jọ ṣírò. Ìwúwo nǹkan lọ́nà bó ṣe jìnnà sí ojú ìdọ́gba, òun ló ń fa bàlúù síwá tàbí sẹ́yìn. 7,500 g lọ́nà 28 mm jẹ́ 210,000. Gbèsè tó o jẹ nìyẹn. Tó o bá fẹ́ fi òjé san án ní imú, tí imú sì fi 420 mm jìnnà, 500 g òjé ni wàá so mọ́ ọn. Ààbọ̀ kílò! Apá á máa gbé e káàkiri lásán, á sì máa sáré jù nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀.

Àwọn ẹrù tó o ní tẹ́lẹ̀ ni kó o fi san án. Gbé bátìrì méjèèjì lọ síwájú, sí 380 mm níwájú ojú ìdọ́gba. Wọ́n ti rìn 480 mm nìyẹn: 300 lọ́nà 480, 144,000 ti lọ. Servo rudder tó wà ní 1,000 mm lẹ́yìn, gbé e wá sí 250 mm, kó o fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì fa rudder láti ibẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. 52,500 tún lọ. Ó ku 13,500. Ṣí ìbòrí abẹ́ ìrù, kó o ha epoxy yẹn. 15 g péré níbẹ̀, lọ́nà 1,000 mm, jẹ́ 15,000, ó ju ìyókù gbèsè lọ.

Fò-Ó-Lọ:
Ẹ kú ìṣirò o. Mo ti dákẹ́.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì:
Bàbá ti sọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Bátìrì lè lọ síwájú, receiver ò gbọdọ̀ bá a lọ. Àpótí iná tó ń tan púlọ́ọ̀gì máa ń pariwo sínú rédíò. Jẹ́ kó jìnnà sí receiver ní 30 cm ó kéré tán, kí bátìrì wọn má sì pa pọ̀. Kí lo fi ń fa kábúrétọ̀?

Ọmọ Afẹ́fẹ́:
Wáyà irin ni, Mà.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì:
Yọ ọ́. Irin á gbé ariwo yẹn láti ẹ́ńjìnnì wá sí ọ̀dọ̀ servo. Ike ni kó o fi ṣe é. Yẹ rọ́bà epo náà wò: tó bá jẹ́ silicone, pẹtiróòlù á wú u, á sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. Silicone kì í ṣe ti pẹtiróòlù. Rọ́bà inú táǹkì náà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ojú kì í dé.

Ọmọ Afẹ́fẹ́ (lẹ́yìn ọjọ́ 9):
Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́. Mo ti gbé bátìrì, mo ti fa wáyà sí rudder. Epoxy ìrù kò gbọ́ràn, 9 g péré ni mo rí ha, igi kan sì fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ó ti dọ́gba ní 111 mm láìsí òjé kankan! Rọ́bà inú táǹkì silicone ni lóòótọ́, mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀la ni mo máa kọ́kọ́ tan ẹ́ńjìnnì. Mo po epo 40 mọ́ òróró 1, ìyẹn 25 ml sí lítà kan. Ṣé ó tọ̀nà?

Bàbá Bálísà:
1 mm yẹn kò ṣe nǹkan kan. Òróró náà, wo ohun tí ìwé ẹ́ńjìnnì sọ, òun ni kó o tẹ̀ lé.

Ìyá Ẹ́ńjìnnì:
So ìrù mọ́ òpó kó o tó tan án, kí àbúrò rẹ tún dì í mú. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀ iwájú yẹn ni kó o ti máa yí ìdè kábúrétọ̀, má ṣe dúró níwájú rẹ̀, má sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má na ọwọ́ kọjá orí rẹ̀ láé, kódà tó bá jẹ́ ìdè kékeré kan ló kù. Ìdè kékeré kan náà ló kù fún mi lọ́jọ́ tí wọ́n fi rán ìka mi ní ojú mẹ́rin.