Ṣé kí n fi PHP sílẹ̀ lọ sí Go nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?

Ìbéèrè

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́ kóòdù, mo kí yín o. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yábàá, ní Èkó. PHP, èdè kóòdù kan, pẹ̀lú Laravel, àkójọ irinṣẹ́ tí a fi ń kọ ọ́, ni a fi ń kọ ìkànnì tí àwọn oníṣòwò ń lò láti ta ọjà, a sì máa ń so ó mọ́ ètò ìsanwó. Ṣùgbọ́n Go, èdè kóòdù mìíràn, ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ òkè òkun tí mo ń rí ìpolówó iṣẹ́ wọn ń béèrè, àwọn tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́ sì ń sọ pé èdè àtijọ́ ni PHP. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá pẹ́ jù níbi tí mo wà, n kò ní lè jáde mọ́. Bí mo bá sì kúrò nísinsìnyí, mo lè tún di akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè béèrè owó oṣù gidi. Kí ni ẹ rò?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò, òótọ́ ni pé ọdún 1995 ni Rasmus Lerdorf gbé PHP jáde, ṣùgbọ́n èyí tí ò ń kọ lónìí kì í ṣe ti ìgbà yẹn. PHP 7, tó jáde ní ìparí ọdún 2015, yára ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ fíìfíì, PHP 8 sì tẹ̀lé e ní 2020. Òun náà ni wọ́n fi kọ WordPress, ètò tí a fi ń ṣe ìkànnì, tí ó gbé ju ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá àwọn ìkànnì àgbáyé ró. Bó bá jẹ́ ti ọjọ́ orí ni, SQL, èdè tí a fi ń béèrè dátà lọ́wọ́ dátábéèsì, dàgbà jù ú lọ, n kò sì tíì rí ẹni tó ń sá fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kí o yẹ̀ wò ni pé, nínú ohun tí o mọ̀, èwo ni kò so mọ́ PHP rárá? Eloquent, apá Laravel tó ń bá dátábéèsì ṣiṣẹ́, máa ń kọ SQL fún wa débi pé ènìyàn lè ṣiṣẹ́ pẹ́ láì mọ ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ dátábéèsì. Bí ojú ìwé kan bá ń falẹ̀, ṣé o lè wádìí ìdí rẹ̀, kí o sì mọ ibi tó yẹ kí index, atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì tètè rí ohun tí a ń wá, wà? Bí oníbàárà bá tẹ bọ́tìnì ìsanwó lẹ́ẹ̀mejì, kí ni kò ní jẹ́ kí a yọ owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì? Bí o bá mọ ìwọ̀nyí, èdè tuntun kò ní sọ ọ́ di akẹ́kọ̀ọ́. Bí o kò bá mọ̀ wọ́n, Go kò ní kọ́ ọ.

Ìdáhùn kejì

Mo gba ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó ṣáájú mi, àfi gbólóhùn tí wọ́n fi parí rẹ̀. Bí a ṣe sábà ń lo PHP, gbogbo ìbéèrè tó bá dé sáfà ló ń bẹ̀rẹ̀ láti òfo, bí èsì bá sì ti jáde, ohun gbogbo tó wà ní ìrántí á pòórá. Ìdí nìyẹn tí àwọn àṣìṣe kan kì í fi í hàn sí wa. Ètò Go máa ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, ọ̀pọ̀ goroutine, ìyẹn àwọn iṣẹ́ kéékèèké tó ń lọ pọ̀ nínú ètò náà, sì lè máa fọwọ́ kan dátà kan náà nígbà kan náà, tí ó fi jẹ́ pé bí o kò bá dáàbò bò ó, iye kan lè yí padà lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò ní lè ṣàlàyé. Kò sí try àti catch, tí PHP fi ń mú àṣìṣe, níbẹ̀ pẹ̀lú: àṣìṣe máa ń wá gẹ́gẹ́ bí èsì, ìwọ ni wàá pinnu ohun tí wàá fi í ṣe. Ó máa ń súni, n kò ní parọ́, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ènìyàn láti ronú nípa ibi tí iṣẹ́ ti lè bàjẹ́.

Kọ́ Go, ṣùgbọ́n má ṣe fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Bẹ ọ̀gá rẹ pé kí o fi í kọ ètò kékeré kan, bí èyí tó ń gba webhook ìsanwó, ìyẹn ìròyìn tí ètò ìsanwó máa ń fi ránṣẹ́ sí sáfà yín fúnra rẹ̀. Fáìlì kan ṣoṣo ni yóò dà, kò sì ní da ìyókù sáfà yín láàmú.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó mọ Go níbi iṣẹ́ wa. Bí mo bá kúrò ńkọ́?

Ìdáhùn kìíní

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsanwó. Yan ohun tí oníbàárà kò ní mọ̀ pé ó dúró, bí ètò tó ń ṣe àkójọ títà ọjọ́ náà lóru, kí o sì wá ẹnìkan tí yóò máa ka kóòdù náà kí ó tó wọlé. Bí kò bá sí ẹni tó gbà láti kà á, máa kọ Go nílé ní àkókò tìrẹ. Ní ti owó oṣù, má ṣe fi PHP pamọ́ nínú ìwé tí o fi ń wá iṣẹ́, nítorí ètò ìsanwó tí àwọn oníṣòwò ń lò lójoojúmọ́ ni wọn yóò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ jùlọ.