Wọ́n ní làkúrègbé ni, aràn ló wà nínú egungun itan mi

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìrírí yín láìsọ nǹkan kan. Àǹtí tó kọ̀wé lánàá pé egungun ìbàdí ń dun òun, tí wọ́n sì fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa nǹkan níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ló jẹ́ kí n lanu.

Itan ọ̀tún ni tèmi. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń fi ìpara ra á. Kò sí ibà, kò wú. Ọjọ́ kan ni mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, n kò ṣubú, n kò fẹsẹ̀ kọ nǹkan kan, egungun itan mi ṣàdédé dá. Nínú àwòrán ẹ́síréè, ihò ni gbogbo rẹ̀ bí afárá oyin. Dókítà àkọ́kọ́ ní jẹjẹrẹ ni. Èkejì ní ikọ́ ife ló wọnú egungun, mo sì fi oṣù mẹ́rin lo oògùn rẹ̀ lásán. Wọ́n tilẹ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò fún aràn, wọn ò rí nǹkan kan. Ẹ̀yìn náà ni mo tó mọ̀ pé àyẹ̀wò yẹn sábà máa ń tan èèyàn bó bá jẹ́ inú egungun ni aràn náà wà.

Dókítà kẹta ló bi mí léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: ṣé mo ti gbé pẹ̀lú ajá àti àgùntàn rí? Bàbá mi sin àgùntàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ajá méjì ló ń ṣọ́ wọn, èmi ni mo sì máa ń bá àwọn ajá náà yí nílẹ̀.

Echinococcus granulosus ni wọ́n ń pe aràn náà. Kò gùn ju mílímítà méje lọ, inú ìfun ajá ló ń gbé. Ajá tó bá jẹ ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró àgùntàn tó ní in ló ń kó o. Ẹyin rẹ̀ a bá ìgbẹ́ ajá jáde, a lẹ̀ mọ́ irun rẹ̀, mọ́ koríko, mọ́ ọwọ́ ọmọdé. Ẹni tó bá gbé e mì, ó lè di àpò omi nínú ara rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà jù, ẹ̀dọ̀fóró tẹ̀ lé e. Ti egungun kò ju ìdá 0.5 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n ti egungun ló le jù lójú mi. Nínú ẹ̀dọ̀, ara máa ń mọ ògiri yí àpò náà ká. Nínú egungun, kò sí ògiri kankan. Ńṣe ló ń yọ́ gba inú mùdùnmúdùn lọ lọ́dọọdún, tí ẹni tó ni ín kò sì mọ̀.

Àǹtí, mo bẹ̀ yín, kí wọ́n tó ti abẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ẹ sọ fún wọn bí ẹ bá ti gbé nítòsí ajá àti àgùntàn rí. Bí omi inú àpò yẹn bá dà sínú ara, ara lè kọ̀ ọ́ lójijì débi tí ẹ̀mí fi lè bọ́, àpò tuntun sì lè hù níbi tí omi náà bá dé.

Wọ́n gé òkè egungun mi, wọ́n fi irin rọ́pò rẹ̀. Albendazole, oògùn aràn, mílígíráàmù 400 ni mò ń lò láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní ọ̀rá kó lè wọ ara dáadáa, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ọdún kẹta rèé. Ó ti padà wá lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì tún gé e. Ọjọ́ yẹn dùn mí ju ọjọ́ tí egungun dá lọ.

Èsì kan:

Ẹ kú ìrora, ẹ̀gbọ́n. Ti ìyá mi ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ṣubú lọ́dún tó kọjá, a lọ ya àwòrán ẹ́síréè orúnkún wọn. Nínú ẹran ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun, a rí okùn funfun kan tó ká jọ bí òwú. Ọ̀dọ́ tó ya àwòrán náà kò mọ ohun tó jẹ́. Màmá wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Sòbìà ni." Inú omi adágún tí wọ́n mu lọ́mọdé ló ti wá; ọ̀kan jáde lẹ́sẹ̀ wọn nígbà náà, èyí kú sínú, ó sì le bí ẹfun. N kò bá ọ̀dọ́ náà wí. Mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ èèyàn ni wọ́n fojú bù pé ó ní sòbìà lọ́dún 1986. Ní 2023, ẹni 14 péré ni ní gbogbo ayé.

Èsì Àǹtí:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo pè wọ́n láàárọ̀ yìí. A ní ajá nílé nígbà kan, ilé tó múlé tì wá sì ń sin àgùntàn. Wọ́n ti dá abẹ́rẹ́ náà dúró, MRI, ìyẹn àwòrán inú ara, ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o.

Èsì mi:

Ẹ má dá lọ, ẹ mú ẹnìkan dání. A ó máa retí yín ní Ọjọ́bọ̀.