Fòníkú-fọ̀la-dìde: bí mo ṣe jáwọ́ nínú ìrètí àti ìbẹ̀rù

Ẹ kú ìfaradà o, ẹ̀yin ará mi. Mo ti ka ìrírí tí àwọn tó ṣáájú mi kọ nípa àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde yìí, ó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Tèmi rèé.

SS ni mí, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àìsàn náà. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ẹbí pé irú wa kì í pé ọmọ ọdún 21. Ìyá mi ò sọ ọ́ sétí mi rí, àmọ́ mo rí i nínú ohun tí wọ́n ń rà. Àwọn ìyá yòókù a máa ra yunifọ́ọ̀mù tó tóbi, kí ọmọ lè dàgbà sínú rẹ̀. Tèmi a ṣe rẹ́gí, lọ́dọọdún. Wọn ò fọkàn sí ọdún tó ń bọ̀.

Ìrètí tún wá burú ju ìbẹ̀rù lọ. Tí ọdún bá ti yí, ó di orí òkè: ààwẹ̀, òróró, omi àdúrà. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀, ó di àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n á mú ìwé jáde: SS. Ìyá mi á ká a, wọ́n á tì í bọ inú Bíbélì, wọn ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Nígbà tí mo parí ìwé mẹ́wàá, mo ní mi ò yẹ ẹ̀jẹ̀ wò mọ́. Mi ò bínú sí Ọlọ́run o, mo ṣì ń gbàdúrà. Ohun tó sú mi ni kí n máa fi ayé mi dúró de ohun tó ń bọ̀, ì báà ṣe ìwòsàn, ì báà ṣe ikú. Mo ní iṣẹ́ télọ̀ ni mo fẹ́ kọ́, ọlọ́dún mẹ́ta. Bàbá mi wò mí títí. "Ọdún mẹ́ta?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi san owó ẹ̀."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́: mi ò fi oògùn sílẹ̀. Folic acid mi (fún ẹ̀jẹ̀) àti Paludrine mi (tó ń dènà ibà) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, omi ò wọ́n lọ́dọ̀ mi, ọyẹ́ kì í bá mi láìwọ súwẹ́tà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ẹlòmíràn máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́, tiwa kì í sábà ju 20 lọ. Bó bá sì tẹ̀ bíi dòjé, á dí ojú iṣan. Ojúgun mi ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Tí ìrora náà bá ti dé, mo á pe àwọn oníbàárà pé aṣọ wọn máa pẹ́, mo á gba ilé ìwòsàn lọ. Tó bá lọ, mo á padà sídìí ẹ̀rọ. Ìrora náà ò dín kù, àmọ́ àìfọkànbalẹ̀ tó máa ń ṣáájú rẹ̀ ti lọ. Ìtura tó wà nínú ìyẹn, ẹnu ò lè ròyìn ẹ̀ tán.

Arábìnrin tó ń béèrè nípa alágbo tó lóun lè yí SS padà sí AA, ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àìsàn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fowó yín pamọ́. Mùdùnmúdùn inú egungun tí wọ́n gbà lára ẹni tó bá tèèyàn mu ni àwọn dókítà sábà fi ń wò ó sàn, owó rẹ̀ sì ga gan-an. Bí ọ̀nà ẹ̀ bá là fún mi, màá lọ. Mi ò jókòó dè é.

Ní ti ìgbéyàwó: ọkọ mi AA ni, nítorí náà AS ni gbogbo ọmọ wa: wọn ò ní àìsàn náà, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ AS bíi tiwọn, wọ́n lè bí SS. Àkọ́bí ti ń bá ọkùnrin rìn báyìí, mo sì ti ní kó lọ béèrè ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọkùnrin náà kí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ wọ́n lára.