Mọ́nítọ̀ ₦780,000 tí àwọn ọmọ géèmù ò fẹ́ jókòó síwájú ẹ̀, ẹ gbà mí o

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Orí mi ti dàrú, oorun ò kun ojú mi mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé ilé géèmù ni mo fi ń jẹun ní Mọ́kọ́lá, ọdún kẹfà rè é. Àjọ kàn mí lóṣù tó kọjá. Ìyàwó mi ní ká fi ra fìríìsà, kóun máa ta omi tútù fáwọn ọmọ tó ń wá gbá géèmù. Àbúrò ẹ̀ ọkùnrin ló ní rárá, pé mọ́nítọ̀ géèmù ló lòde. Bá a ṣe wọkọ̀ lọ sí Computer Village n'Ìkẹjà nìyẹn, tòun ti oòrùn, tòun ti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹni tó tà á fún wa ò tiẹ̀ fi omi lọ̀ wá. ₦780,000! OLED, ìyẹn irú ojú tó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, 27 inch, 240Hz, wọ́n kọ 0.03ms gàdàgbà sára páálí ẹ̀, pé bó ṣe ń yára yí àwọ̀ padà nìyẹn.

Mo gbé e délé, mo tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbọ́, mi ò rí ìyàtọ̀. Dúdú ẹ̀ dúdú lóòótọ́, bí ìdí ìṣaasùn, ṣùgbọ́n koríko pápá ń ṣe bàìbàì, àwọn agbábọ́ọ̀lù ò sì já fáfá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ kan wò ó títí, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n wá padà, ẹ jọ̀ọ́." Tẹlifíṣọ̀n 43 inch tó ti sán létí! Wọ́n ń tò síwájú ìyẹn, mọ́nítọ̀ dá wà. Ìyàwó mi ti bínú lọ sílé ìyá ẹ̀. Ṣé wọ́n lù mí ní jìbìtì ni, àbí irọ́ ni gbogbo mọ́nítọ̀ olówó ńlá yìí?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Ẹ̀yìn ìyàwó yín ni mo wà. Ọkọ tèmi ra sípíkà tó ga jù mí lọ nígbà tí mo wà nínú oyún. Ọmọ ò lè sùn, aládùúgbò ò lè sùn. Orí ẹ̀ la wá ń sá aṣọ sí báyìí.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní sùúrù. 240Hz ni pé ojú ẹ̀ lè pààrọ̀ àwòrán nígbà 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun tẹ́ ẹ so mọ́ ọn bá ń gbé 60 péré wá, 60 náà lẹ máa rí. Kí lẹ so mọ́ ọn?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Ìyá Ìbejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ fìríìsà sílẹ̀. Pẹ̀lú irú iná tí wọ́n ń fún wa yìí, omi wo ló máa dì?

Adé Peckham:
Irọ́ kọ́ o. £650 ni mo ra tèmi níbí, Counter-Strike, géèmù oníbọn, ni mo ń gbá lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀tá ò tíì yọjú tán tí mo ti rí i. Mi ò lè padà sí 60 mọ́ láéláé. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Display, ẹ yí i sí 240. Ọ̀pọ̀ ló ń gbàgbé.

Alàgbà Òṣogbo:
£650! Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ máa fi owó yín gún wa lójú. Baba Géèmù, lọ sí Settings, yí i sí 240.

Adé Peckham:
Bàbá, ohun tí mo sọ náà lẹ sọ yẹn.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ:
Mo tún béèrè: kọ̀ǹpútà ni àbí PS, ìyẹn PlayStation?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Mo ti wọ Settings, kò sí 240 níbẹ̀. Wáyà tó bá a wá nínú páálí ni mo lò, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé wáyà ni. Mi ò sì jẹ gbèsè kankan lórí ẹ̀, owó àjọ mi ni. Ẹni tó tà á ní tó bá yọ wàhálà, kí n dá a padà láàárín ọjọ́ méje.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ:
Ẹ̀gbọ́n. PS mélòó ni?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
PS4 ni. Mẹ́ta ni mo ní. Kí ló kan ìyẹn?

Alàgbà Òṣogbo:
Yéè.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ:
Òun gan-an ló kàn án! Ọdún 2013 ni PS4 jáde, kò lè gbé ju àwòrán 60 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọn ò lù yín ní jìbìtì, mọ́nítọ̀ yín ò rí oúnjẹ jẹ ni. Koríko tó ń ṣe bàìbàì ńkọ́? Ẹ wo ara páálí bóyá 1440p ni wọ́n kọ, ìyẹn ni pé ìlà 1440 ló wà lójú ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Òun ni wọ́n kọ sórí rìsíìtì. Ẹni tó tà á ní ó ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ.

Ọmọ Ẹlẹ́rọ:
Ó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n PS4 lásán, 1080p ló ń gbé jáde. Mọ́nítọ̀ wá ń fà á kó lè kún ojú ẹ̀, ibi tó ti ń ṣú nìyẹn. Àwọn ọmọ tó ní kẹ́ ẹ gbé tẹlifíṣọ̀n padà ò ṣàìmọ̀ọ́wò. Méjì ló ń gbá, mẹ́fà ló ń wò. Ta ló fẹ́ fún ojú pọ̀ síwájú 27 inch?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Tí mo bá wá ra PS5 kún un ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ bàbá yìí!

Adé Peckham:
Ẹ má dán an wò. 120 ni PS5 ń dé, kì í dé 240, bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ gan-an ò sì ju 60 lọ. Nǹkan mìíràn tún wà: OLED kì í fẹ́ kí nǹkan dúró sójú kan. Igun tí wọ́n ń kọ iye góòlù sí, láti àárọ̀ dalẹ́, lójoojúmọ́, tó bá yá ó máa ya àmì sójú ẹ̀, kò sì ní lọ mọ́. Mo fẹ́ràn tèmi, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e sílé géèmù.

Alàgbà Òṣogbo:
Dá a padà. Ọjọ́ kelòó rè é tó o ti rà á?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Ìkarùn-ún. Mo kàn rò pé táwọn ọmọ bá mọ́jú mọ́ ọn… Ó dáa, màá dá a padà. Wọ́n kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé nínú páálí ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ wà.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Páálí ọ̀hún dà?

Baba Géèmù Mọ́kọ́lá:
Òun ni ìyàwó mi fi kó aṣọ àwọn ọmọ lọ sílé ìyá ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ṣágámù:
Ẹ ra ọsàn dání o. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ọ̀rọ̀ fìríìsà lẹ kọ́kọ́ dá kẹ́ ẹ tó dárúkọ páálí.