Òmìnira kọ́: kí la ó pe ohun tí ẹgbẹ́ SVP ń jà fún?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Gbólóhùn tí ẹ ní ká yẹ̀ wò rèé: “Südtiroler Volkspartei (SVP) jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Gúúsù Tírólì.” Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ba ibẹ̀ jẹ́: òmìnira. “Autonomy” ni wọ́n ń jà fún, ìyẹn ni pé kí ìpínlẹ̀ máa ṣàkóso ara rẹ̀ láì kúrò lábẹ́ orílẹ̀-èdè tó wà; ọ̀rọ̀ Yorùbá tó yẹ ẹ́ là ń wá.

Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 ló gba Gúúsù Tírólì lọ́wọ́ Austria fún Ítálì, bẹ́ẹ̀ German ni èdè èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀. Ní 1948, Rome, ìyẹn ìjọba Ítálì, so ìpínlẹ̀ Bolzano, tí í ṣe Gúúsù Tírólì yìí gan-an, mọ́ ìpínlẹ̀ Trento nínú ẹkùn kan. Àwọn elédè Italian ló pọ̀ jù nínú ẹkùn náà, ọwọ́ ẹkùn sì ni agbára wà, nítorí náà gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi ìbò borí àwọn elédè German. Ìdí nìyẹn tí Silvius Magnago, olórí SVP, fi dúró níwájú nǹkan bí 35,000 èèyàn ní ilé olódi Sigmundskron, oṣù Kọkànlá 1957, tó ní “Los von Trient”: ká bọ́ lọ́wọ́ Trento. Kò ní ká bọ́ lọ́wọ́ Rome o!

Ohun tí wọ́n rí gbà, ìgbésẹ̀ 137 ni. Àpérò SVP ní Merano fọwọ́ sí i ní 1969, díẹ̀ ló kù kó fìdí rẹmi. Òfin rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1972. Iṣẹ́ àgbẹ̀, ọ̀nà àti ilé kíkọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ọ̀pọ̀ owó-orí ibẹ̀ ń padà síbẹ̀. Ọmọ-ogun àti ilé-ẹjọ́ ṣì jẹ́ ti Rome.

Tí èyí bá jẹ́ òmìnira, kí la ó wá pe ẹgbẹ́ Süd-Tiroler Freiheit ti 2007, tó fẹ́ ya kúrò ní Ítálì pátápátá? Òmìnira wà nínú orúkọ tiwọn. Àwa náà kúkú ti mọ ìyàtọ̀ yìí: Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gba ìjọba ara rẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1957, ṣùgbọ́n 1960 là ń pè ní ọdún òmìnira.

Ẹ má ṣe lo “ìdádúró” náà. Ẹni tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ni òǹkàwé máa rántí. “Ìjọba àdáni” burú jùyẹn lọ, bí ilé-ìwé àdáni ló ṣe ń dún, bí ẹni pé ẹnì kan ló ni ín. Ìdáṣàkóso ni mo mú wá.

*

Àbúrò, o ṣeun. Mo gba ti òmìnira, mo ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n yí “ìdáṣàkóso” padà sí orúkọ ẹni tó ń ṣe é: adáṣàkóso. Apàṣẹwàá ni etí mi gbọ́! “Dá” yẹn ló fà á. Ó ń sọ pé kò sí ẹlòmíì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Rome ṣì wà níbẹ̀ gbọin-gbọin.

“Ìṣàkóso-ara-ẹni” tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ewu kan wà nínú rẹ̀ ṣá: ta ni “ẹni” yẹn? Kì í ṣe elédè German nìkan. Elédè Italian àti ti Ladin, èdè kékeré kan níbẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, iye èdè kọ̀ọ̀kan nínú ìkànìyàn ni wọ́n sì fi ń pín iṣẹ́ ìjọba. Nítorí náà, ìpínlẹ̀ ni kó máa ṣàkóso ara rẹ̀ nínú gbólóhùn wa, kì í ṣe ẹ̀yà. Má sì kọ “ìṣàkóso-ara-ẹni tó ga”. Agbára kì í ga níbí, ńṣe ló ń kún.

Mo tún un kọ báyìí: “SVP jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fẹ́ kí agbára tí ìpínlẹ̀ Bolzano fi ń ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ Ítálì túbọ̀ kún.” Ẹni tó bá fẹ́ gé e kúrú, kó gé ibòmíràn, kó fi “lábẹ́ Ítálì” sílẹ̀.