Pẹ́dàlì tí orúkọ rẹ̀ ti pa rẹ́, tó ku “SUSTAIN” nìkan lójú rẹ̀

Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbàdàn

Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun tójú mi rí lórí pẹ́dàlì gìtá kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí onígìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn gìtá lè yí padà, bóyá ẹnì kan níbí á bá mi dá a mọ̀.

Bọ̀ọ̀dá màmá mi ló ni ín. Wọ́n ti bá ẹgbẹ́ olórin ṣe níbí rí kí wọ́n tó kọjá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò ta gìtá mọ́, kò sì sí ẹni tó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, èmi ni wọ́n ní kí n wá tú yàrá ẹrù wọn ní Òkè-Àdó, pé èmi ni mo mọ̀ nípa orin nínú ẹbí. Gìtá náà ò sí mọ́, ikán ti jẹ àpótí rẹ̀ tán. Ohun tí mo bá ni páálí bàtà kan lábẹ́ àwọn aṣọ òfì. Inú rẹ̀ ni irin pẹlẹbẹ kan wà, ó fẹ̀ tó ìwé orin, nọ́ọ̀bù mẹ́ta tò lórí rẹ̀, ihò wáyà méjì, pẹ̀lú bọ́tìnnì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sójú rẹ̀ ló ti họ. “SUSTAIN” nìkan ló kù, ìyẹn ni pé kí ohùn fà gùn.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Compressor ni. Pẹ́dàlì aláwọ̀ búlúù ti ilé iṣẹ́ Boss tí gbogbo wa mọ̀ yẹn ńkọ́, ṣebí “Compression Sustainer” ni wọ́n kọ sí i lára? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó má jẹ́ kí ohùn gìtá tètè kú. Mo ra bátìrì 9V, mo gbé e lọ sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Orin jẹ́jẹ́ ni à ń kọ lọ́wọ́, àwọn èèyàn ti dijú. Mo tẹ̀ ẹ́.

Yéè! Bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí kọnkéré. Lóòótọ́ ohùn ọ̀hún ò kú o. Okùn kan ṣoṣo ni mo ta, ó ń ké lọ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, àwọn akọrin ti dákẹ́, òun ò dákẹ́. Pásítọ̀ ti yíjú sí ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ, wọ́n rò pé sípíkà ló ya.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń tún ẹ̀rọ orin ṣe. Kò tíì tú u tó fi ní àwọn tíràńsísítọ̀ inú rẹ̀ ti gbó, pé òun á kó gbogbo wọn dànù, òun á fi tuntun sí i. Àìlówó ló yọ mí lọ́jọ́ náà. Mo gbé e padà sílé, mo tú ìdí rẹ̀ fúnra mi.

Ìyẹ́ aáyán ni mo kọ́kọ́ bá pàdé, pẹ̀lú omi bátìrì tó ti jò, tó ti gan bí iyọ̀ aláwọ̀ ewé. Tíràńsísítọ̀ mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí áísì (IC) kankan, ìyẹn ègé dúdú kékeré tí wọ́n kó ọ̀pọ̀ tíràńsísítọ̀ pọ̀ sínú rẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha ẹ̀yìn àwọn fọ́lúùmù mẹ́ta tí nọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn jókòó lé. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sára irin wọn: 1377438 lára ọ̀kan, 1377441 lára èkejì. Ẹ̀kẹta ò ní nǹkan kan lára, ó ń dán ju àwọn tó kù lọ, lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ sì rí wúruwùru.

Ta ló mọ ohun tí mo ní lọ́wọ́?

Ẹni tó ń tún ámpù ṣe, Èkó

Àbúrò, dúpẹ́ lọ́wọ́ àìlówó. Ẹni tó fẹ́ kó tíràńsísítọ̀ yẹn dànù fẹ́ ba ohun ẹlẹ́gẹ́ jẹ́ fún ọ ni.

Nọ́ńbà yẹn gan-an ló sọ̀rọ̀. 137 tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dúró fún CTS, ilé iṣẹ́ tó ṣe fọ́lúùmù náà ní Amẹ́ríkà. (Bó bá jẹ́ 304 lo rí, Stackpole nìyẹn.) 74 ni ọdún 1974. 38 àti 41 ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe wọ́n nínú ọdún náà. Ọ̀sẹ̀ kọkànlélógójì bọ́ sí oṣù October, nítorí náà wọn ò lè ṣe pẹ́dàlì rẹ ṣáájú October 1974. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà o, torí fọ́lúùmù máa ń jókòó sí sítọ́ọ̀ kí wọ́n tó lò ó. Èyí tí kò ní nọ́ńbà yẹn, gbàgbé rẹ̀, ẹnì kan ló pààrọ̀ rẹ̀.

Tíràńsísítọ̀ mẹ́rin, nọ́ọ̀bù mẹ́ta tó tò lọ gbọọrọ, “SUSTAIN” lójú: Big Muff Pi ni, ti Electro-Harmonix, New York. Mike Matthews ló dá ilé iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, Bob Myer ló bá a ya bí iná ṣe máa rìn nínú rẹ̀, ó sì jáde ní 1969. Nọ́ọ̀bù ti àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe kò tò, igun mẹ́ta ni wọ́n tò ó sí bí ààrò. Tìẹ ni ìran kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní “Ram's Head”, nǹkan bíi 1973 sí 1977. Bó bá jẹ́ áísì lo bá nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀, torí apá ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ṣe ìyẹn. Lọ fi tọ́ọ̀ṣì yẹ igun ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀ wò, ìyẹn lápá ọ̀tún. Tí o bá rí ojú kékeré kan tí irun rẹ̀ ká bí ìwo àgbò, ó parí.

Ohun tó tàn ọ́ jẹ ni ọ̀rọ̀ “sustain”, ó sì ti tan èèyàn púpọ̀ jẹ. Compressor dà bí ẹni tó dì fọ́lúùmù rédíò mú: bí ohùn bá bú jáde, á rọ̀ ọ́ sílẹ̀, bí ohùn bá ń lọ sílẹ̀, á gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Kò ba ohùn jẹ́. Big Muff ò mọ ìyẹn. Á kọ́kọ́ sọ ohùn gìtá di ńlá, dáyódù inú rẹ̀ (ègé kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) á wá bẹ́ orí ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi àdá gé ọgbà. Bí okùn gìtá bá ń kú lọ, ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù ṣì ga tó ohun tí wọ́n ń bẹ́, etí ò ní mọ̀ pé ó ti dínkù. Ìdí nìyẹn tó fi ń ké tí kò fi dákẹ́. Ìdí nìyẹn náà tó fi ń ya.

Èmi náà ti gbé irọ́ kalẹ̀ rí. Ẹnì kan gbé ọ̀kan tó dúdú wá, ó wúwo bí òkúta ọlọ. Mo fi ẹnu gbọọrọ sọ fún un pé ti 1970 ni, ó sì lọ ń polongo rẹ̀ káàkiri. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ló gbé e padà pé kò sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fi èékánná ha ọ̀dà dúdú yẹn, àwọ̀ ewé ṣójà ló yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo tú u, lẹ́tà Rọ́ṣíà ló kún inú rẹ̀. Sovtek ni, èyí tí Matthews kan náà lọ ń ṣe ní Rọ́ṣíà ní àwọn ọdún 1990 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ wọlẹ̀. Pẹ́dàlì dáadáa ni, àmọ́ ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà, n kì í dá ọjọ́ orí fún pẹ́dàlì tí mi ò bá tíì rí inú rẹ̀.

Ìyá ìbejì tó ń ta gìtá, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀yin bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́. Tèmi ni aláwọ̀ búlúù yẹn gan-an. Mo rà á ní ọjà Sunday tí wọ́n ti ń tajà láti inú bùútù mọ́tò. Oríṣi mélòó kan ló wà nínú rẹ̀, CS-2 àti CS-3 wà lára wọn. Ẹni tó tà á ní CS-3 ni. Mo ka nọ́ọ̀bù rẹ̀, mẹ́ta. CS-3 tó jáde ní 1986 ní mẹ́rin, ó ní “Tone” tí CS-2 ti 1981 kò ní. Mo dákẹ́, mo sanwó.

Ìgbà tí mo délé, mo ki wáyà iná mi bọ̀ ọ́, iná pupa rẹ̀ ń ṣe bàìbàì bí fìtílà tí epo ń tán nínú rẹ̀, ohùn náà ò lókun. Mo ti wọ bàtà láti lọ bá a jà. Ọkọ mi ló ní kí n fi bátìrì dán an wò. Iná tàn gbòò! Mo wá yí ìdí rẹ̀ padà, mo rí i pé adaptor “ACA” ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn irú wáyà iná tí Boss ń lò látijọ́, bẹ́ẹ̀ PSA, irú tòde òní, ni mo fi sí i. Ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀rí pé ti àtijọ́ ni, “Made in Japan” sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Bàbá onígìtá jùjú, Oǹdó

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú ọpọlọ. Èmi kàn fẹ́ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ohùn tó fà gùn ni pẹ́dàlì wà nídìí rẹ̀. Àìmọye ọmọdé ló ti bi mí pé pẹ́dàlì wo ni King Sunny Adé lò tí gìtá kan fi ń sunkún lẹ́yìn wọn. Pedal steel ni! Dẹ̀mọ́lá Adépọ̀jù ló ń ta á, òun náà ló bá Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, ta á lẹ́yìn náà. Gìtá tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ bíi tábìlì ni, irin ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ẹnì kan ti fi owó ra ẹ̀rọ ariwo nítorí ohùn yẹn. Mi ò ní sọ ta ni.

Onígìtá ṣọ́ọ̀ṣì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ọ̀rọ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́, àmọ́ tí mo bá dá a ṣẹ̀gbẹ́ kan, ojú kékeré yẹn ń hàn fírífírí nínú irin, irun rẹ̀ ká lóòótọ́. Mo fi òwú àti ọtí kíkan fọ iyọ̀ bátìrì yẹn kúrò, mi ò fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo wá bi màmá mi pé ìgbà wo gan-an ni bọ̀ọ̀dá padà dé. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n ṣe FESTAC ni. 1977 nìyẹn, ó bá ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ mu régé. Inú mi dùn débi pé mo gbé ámpù sí pálọ̀, mo ní kí wọ́n jókòó kí n ta á fún wọn. Okùn kan ni mo ta. Màmá mi fọwọ́ di etí méjèèjì, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú wọn.

Wọ́n ní, “Háà! Ohun tí bàbá wa ní wọn ò gbọ́dọ̀ tàn nílé yìí mọ́ nìyẹn.”