Fídíò ìrántí fún bàbá wa: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó béèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Bàbá wa ti lọ sinmi, ètò ìrántí wọn sì ń bọ̀ lọ́nà. Àwa ọmọ fọ́n káàkiri, kálukú wà ní orílẹ̀-èdè tirẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n ṣe fídíò tí a máa fi han àwọn èèyàn lọ́jọ́ náà. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí. Àwòrán ń ya wọlé láti ọ̀nà gbogbo, orí mi sì ti dà rú. Ẹ jọ̀ọ́, áàpù wo ló dára? Báwo ni fídíò náà ṣe yẹ kó gùn tó?

Ìdáhùn kìíní

Àbúrò mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ̀yìn bàbá á dára. Mo ti ṣe é fún àwọn òbí mi méjèèjì àti fún ọ̀rẹ́ mélòó kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ áàpù sílẹ̀ ná. Ohùn bàbá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá.

Àwòrán kì í tètè sọ nù, torí ó máa ń wà lọ́wọ́ ẹni púpọ̀. Ohùn ló máa ń lọ láìsí ẹni tó fura. Voice note tí bàbá fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp lè má sí níbòmíràn ju inú fóònù ẹni yẹn lọ. Tó bá pààrọ̀ fóònù láìkó nǹkan inú rẹ̀ pamọ́, ó parí nìyẹn. Ẹ sọ fún gbogbo ẹbí lónìí pé kí wọ́n wá voice note bàbá jáde, kí wọ́n sì kó o sí ojú kan lórí Google Drive tàbí ibòmíràn tí gbogbo yín lè dé. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń gbàdúrà nìkan o. Èyí tí wọ́n ti ń bínú pé ẹ ò pe àwọn, èyí tí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, èyí tí wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ tí wọ́n wá ń rántí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀: àwọn yẹn ló máa mú kí ẹni tó ń gbọ́ ọ sọ pé, "Bàbá gan-an nìyí!" Ẹ tún wo fídíò ayẹyẹ àwọn ẹlòmíràn. Bàbá lè wà lẹ́yìn níbẹ̀, kí wọ́n máa jó tàbí kí wọ́n máa bá ẹnì kan tàkúrọ̀sọ. Lójú tèmi, ìṣẹ́jú àáyá 10 irú ẹ̀ níyì ju ogún àwòrán tí wọ́n ti dúró ṣánṣán níwájú kámẹ́rà lọ.

Tí káṣẹ́ẹ̀tì VHS bá wà nínú ilé, ẹ tètè gbé e jáde. Téèpù máa ń bàjẹ́ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ẹ̀rọ tó ń lò ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Kò sí àbùjá níbẹ̀ o: káṣẹ́ẹ̀tì wákàtí 2 máa gba wákàtí 2 kó tó wọ inú kọ̀ǹpútà tán, torí ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kó yí dé òpin bí ẹ ṣe ń gbà á sílẹ̀.

Fóònù bàbá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má tíì ti nọ́ńbà wọn pa, torí ọ̀pọ̀ àkáǹtì ló máa ń fi kóòdù ránṣẹ́ síbẹ̀ kó tó jẹ́ kí èèyàn wọlé. Tó bá jẹ́ iPhone, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa méfò kóòdù tí wọ́n fi tì í. Tí wọ́n bá ń ṣì í tẹ̀, ó máa ti ara rẹ̀ pa. Tí bàbá bá sì ti ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbà kẹwàá tí wọ́n bá ṣì í ni gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ máa pa rẹ́. Ẹ wádìí bóyá wọ́n ti yan ẹnì kan nínú yín ní Legacy Contact, ìyẹn ẹni tí Apple máa jẹ́ kó rí ohun tó wà nínú àkáǹtì wọn lẹ́yìn ikú. Láti ìparí ọdún 2021 ni Apple ti ń fàyè gba ìyẹn.

Ìdáhùn kejì

Ẹ̀gbọ́n ti sọ òkodoro. Ẹ jẹ́ kí n fi ti àwòrán kún un.

Ẹ sọ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kàn fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, torí ó máa ń fún un kéré, ojú á sì ṣú tó bá dé ara ògiri ńlá. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ bíi document, bó ṣe wà gan-an ló máa dé. Fídíò náà ń gba ibẹ̀ kọjá, títí dé 2 GB.

Fún àwòrán orí pépà, tí ẹ bá rí scanner lò, 300 dpi (iye àmì tín-ín-tín tí scanner ń yà nínú íǹṣì kan) tó fún èyí tó tóbi díẹ̀; èyí tó kéré bíi ti páásípọ́ọ̀tù, ẹ fi í sí 600. Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ tẹ́ àwòrán náà sílẹ̀ nítòsí fèrèsé ní ọ̀sán, níbi tí oòrùn kò ti ràn sí i tààrà, kí ẹ pa iná fóònù, kí fóònù sì wà lókè rẹ̀ gan-an láìdagun. PhotoScan tí Google ṣe máa ń mú ìtànṣán kúrò lára àwòrán tó ń dán. Èyí tó bá ti lẹ̀ mọ́ inú álúbọ́ọ̀mù, ẹ má fipá ṣí i, ibi tó wà náà ni kí ẹ ti yà á. Ẹ ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà tí wọ́n bá kọ nǹkan síbẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ mọ ta ni ta ni nínú àwòrán àtijọ́, ẹ pe ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, ẹ gbé àwòrán náà síwájú wọn, kí ẹ sì ti tan ohun tó ń gba ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ lẹ máa fi sábẹ́ àwòrán yẹn nínú fídíò.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á gbọ́ tiyín náà. Àbúrò mi ọkùnrin ní òun fẹ́ fi AI mú kí àwòrán bàbá máa sọ̀rọ̀, kó kí gbogbo èèyàn. Màmá wa náà ní àwọn ò fẹ́ àwòrán ìgbà tí bàbá wà lórí àìsàn. Àwọn kan nínú wa fẹ́ ẹ. Kí la fẹ́ ṣe sí i?

Ìdáhùn kìíní

Ohun tí màmá bá sọ ni kó ṣẹ. Ọkọ wọn ni. Ẹni tó bá fẹ́ àwòrán yẹn lè tọ́jú rẹ̀ sọ́wọ́.

Ti AI yẹn, èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ tí bàbá ò sọ sí wọn lẹ́nu níwájú àwọn tó mọ̀ wọ́n. Ohùn wọn tòótọ́ ń bẹ lọ́wọ́ yín, bó tilẹ̀ ní ariwo díẹ̀. Audacity, áàpù tí wọ́n fi ń tún ohùn ṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́, lè dín ariwo yẹn kù. Ẹ má kàn fọ̀ ọ́ jù, kí ohùn má baà dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo.

Ẹ tún gba ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn sílẹ̀. Tí ẹ bá ní, "Ẹ sọ nǹkan nípa bàbá", gbogbo wọn á sọ ohun kan náà: èèyàn rere ni wọ́n, wọ́n lawọ́. Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi wọ́n: "Kí ni bàbá ṣe tàbí tí wọ́n sọ fún un yín tí ẹ ò lè gbàgbé?" Kí kálukú dáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Kí wọ́n yí fóònù sí ìbú, kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé wà ní iwájú wọn, kí fóònù sún mọ́ ẹnu, kí wọ́n sì pa fáànù.

Gígùn rẹ̀: ìṣẹ́jú 5 sí 8 tó. Tí àwòrán kọ̀ọ̀kan bá lo ìṣẹ́jú àáyá 5, ìṣẹ́jú 5 á gba 60 àwòrán, láìtíì ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ rí i pé púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni kò ní wọlé, ìyẹn ló sì máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ọmọ, ọmọ-ọmọ, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n bàbá sórí pépà, kí ẹ máa sàmì sí ẹni tó ti fara hàn. Ẹ fún ẹlòmíràn kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ fi sínú àpò tí gbogbo ẹbí ti lè wò ó.

Ẹ ò sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ látorí ọjọ́ ìbí. Ẹ jẹ́ kí ohùn bàbá ló máa kọ́kọ́ jáde.

Ìdáhùn kẹta

Ẹ ṣọ́ra fún orin o. YouTube àti Facebook máa ń dá orin tó jẹ́ ti ẹlòmíràn mọ̀, wọ́n lè pa ohùn fídíò yín tàbí kí wọ́n má jẹ́ kó ṣeé wò láwọn orílẹ̀-èdè kan. Ọ̀rọ̀ orin ìsìn àtijọ́ lè ti di ti gbogbo èèyàn, àmọ́ àwo tí ẹnì kan fi kọ ọ́ ní ẹni tó ni ín. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ kọ ọ́ fúnra wọn, tàbí kí ẹ lo èyí tó wà nínú YouTube Audio Library. Níbi tí ẹnikẹ́ni bá ti ń sọ̀rọ̀, ẹ rẹ orin náà sílẹ̀ dáadáa.

Ìdáhùn kejì

Nǹkan méjì tí mo gbàgbé. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì tó rẹwà kì í gbé àmì Yorùbá, ẹ máa rí i tí àmì fò kúrò lórí lẹ́tà tàbí tí àpótí òfìfo wà láàárín orúkọ bàbá. Noto Serif, Gentium àti Charis SIL ń gbé gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ fídíò náà fún àwọn ọmọ tí kò gbọ́ èdè, kí ẹ sì fọwọ́ ara yín kọ ọ́, torí èyí tí ẹ̀rọ máa ń kọ fún Yorùbá kò ṣeé gbọ́kàn lé.

Lọ́jọ́ ètò, ẹ má gbára lé íntánẹ́ẹ̀tì gbọ̀ngàn. Ẹ fi fídíò náà sínú fíláàṣì méjì, kó jẹ́ irú fáìlì MP4. Tí ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò fíláàṣì (format) bá jẹ́ FAT32, fáìlì tó bá ju 4 GB lọ kò ní wọ̀ ọ́, exFAT ni kí ẹ lò. Àwọn tó máa wò ó lórí Zoom kò ní gbọ́ nǹkan kan àfi tí ẹ bá sàmì sí "Share sound" kí ẹ tó gbé e hàn. Ẹ sàmì sí "Optimize for video clip" náà.

Ẹni tó béèrè

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Áàpù wá ńkọ́?

Ìdáhùn kìíní

Ó tó àkókò rẹ̀ wàyí. Tí ẹ bá ní ẹ̀rọ Apple, iMovie ti wà fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Windows 11, Clipchamp. DaVinci Resolve lágbára ju méjèèjì lọ, ó sì ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ kọ̀ǹpútà tó lágbára àti ẹni tó ní sùúrù. Èyí tó bá rọ̀ yín lọ́rùn ni kí ẹ mú. Ẹ ṣe é ní píksẹ́lì (àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán) 1920 ní fífẹ̀, 1080 ní gíga, kí ẹ má sì fa àwòrán olóòró fẹ̀.

Tí ẹ bá parí rẹ̀, màmá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn, nínú yàrá, kí ọmọ kan jókòó tì wọ́n. Kò yẹ kó jẹ́ àárín èrò ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ọkọ wọn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, torí wọ́n máa ní ohun tí ẹ máa yọ àti ohun tí ẹ máa fi kún un.